Dúrọ́ọ̀ Kọkàndínláàádọ́fà

Ní Moráfíà, níbi tí òkè ti kúrú tí ọgbà àjàrà ti gùn,
ilé kan wà létí ojú irin
tí wọ́n ń kó igi pamọ́ sí bí ẹni ń kó ìwé.
Kì í ṣe igi ìdáná. Kì í ṣe igi àjà.
Pákó pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Látìn,
ẹgbàá igi tí kò ní ewé,
tí afẹ́fẹ́ kankan kò ní bi ní nǹkan mọ́.

Bohdana ló ń tọ́jú wọn.
Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ojú wọn,
ó ń ka ihò kòkòrò bí ẹni ń ka gbèsè.
Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ọ̀wàrà
baba arúgbó kan wọlé, ó gbọn òjò kúrò lára fìlà.
Vendelín lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun wá kí ẹbí òun.
"Ẹbí wo, baba?"
"Èyí tó wà ní dúrọ́ọ̀ kọkàndínláàádọ́fà."

Òsìkẹ́rúṣè ni wọ́n ń pe igi náà lọ́dọ̀ wọn.
Ìwọ tí ò ń kà mí, má wá a nínú igbó tiwa.
Èso rẹ̀ ò ju ẹyin ẹyẹlé lọ,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan pupa, èkejì pọ́n bí ìyeyè.
Bí o bá já a lórí igi tí o gé e jẹ,
ahọ́n rẹ yóò ká kò bí ewé tí iná jó;
àgbálùmọ̀ tó kan jù ò tó o.
Ó gbọdọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀,
kí o tẹ́ ẹ sórí koríko gbígbẹ, kí o gbàgbé rẹ̀
títí yóò fi dúdú, títí yóò fi rọ̀.
A kì í rà á lọ́jà; àfi kó rà kó tó dùn.
Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ èso yìí.
Igi rẹ̀ ni kò mọ ẹ̀sọ̀: ó le débi pé
òun ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe nọ́ọ̀tì gàgàrà ìfúntí.

Bohdana wọ ìbọ̀wọ́, ó fà á jáde.
Pákó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán bí orí apárí.
Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára:
*Òkè gúúsù, 1931.
Ọ̀gbẹ́ni Hynek Drahoš, olùkọ́, ló kó o wá.*

Baba ò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀
bí ẹni ń gbóòórùn orí ọmọ tuntun.
"Ó kó o wá lóòótọ́," ló wí.
"Ìjì wó o lóru, olùkọ́ mú ayùn dé láàárọ̀.
Ṣùgbọ́n Apolena, ìyá bàbá bàbá mi, ló gbìn ín,
lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.
Ogún ọdún ló fi ń lé ehoro nídìí rẹ̀.
Ọdún tí ojú rẹ̀ fọ́ ni igi náà so.
Wọ́n gbé àkọ́so sí i lọ́wọ́;
ó yí i, ó tún un yí, ó ní, 'Ó kù díẹ̀.'
Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko.
Kó tó rọ̀, Apolena ti lọ."

Òfin ilé náà ni pé àkọlé kì í yí padà.
Bohdana wo ilẹ̀kùn. Ó mú pẹ́ńsùlù,
ó dojú pákó dé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:
*Apolena ló gbìn ín. Kò tọ́ ọ wò.*
"Fi kún un," ni baba wí, "pé ó yí i lọ́wọ́."
Ó fi kún un.

Èso mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì,
wọ́n dúdú, wọ́n wú, ìrísí wọn ò wuni rárá.
Ọ̀sán ni Bohdana jẹ ọ̀kan, ó dúró ti ẹ̀rọ omi,
omi èso ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀:
ó ta sánsán bí ọtí, ó dùn bí oyin
tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́yìn ilé.
Hóró méjì há sí i léyín.
Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́.
Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni.
Ó ń ka ọdún lórí ìka, ìka tán.
Ó lọ fọ ife yógọ́ọ̀tì.